Ohùn ọ́pẹ́rà àti bíìtì kọ̀ǹpútà: ta ni kí ó máa tẹ̀lé ta?

Ọmọ Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé a ó rí nínú yín ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá.

Póródúsà ni mí. Yàrá kan ní Lágere ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ijó, irú èyí tí ìlù rẹ̀ máa ń dún ní ìgbà 122 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí kì í yára sí i, tí kì í sì í falẹ̀ títí orin yóò fi parí. Ní ọdún tó kọjá, mo lọ síbi ìsìn ìdúpẹ́ kan, mo sì gbọ́ tí arábìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú orin ní OAU kọ orin ọ́pẹ́rà. Kò lo maikirofóònù rárá, ẹnu ọ̀nà ni èmi sì dúró sí nítorí èrò, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ bá mi níbẹ̀ bí ẹni pé iwájú mi ló wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ mi. Mo wá a kàn, ó gbà, a sì fẹnu kò pé oríkì Ifẹ̀ ni yóò fi ohùn ọ́pẹ́rà kọ lórí bíìtì mi, tí àwọn mẹ́rin kan tó ń ta fáyólìnì, fíólà àti sẹ́lò yóò sì máa gbè é.

Ọjọ́ tí a wọ sítúdíò ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo mú un sún mọ́ maikirofóònù bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó ń kọ ráàpù, àyè tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rọ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Bí ó ti gbé ohùn sókè, iná pupa tàn, ohùn sì fọ́. Mo dín in kù, a kò wá gbọ́ ibi tó ti kọ ọ́ jẹ́jẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, mo fi kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ (ohun tó ń mú kí ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ súnmọ́ra) fún gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, mo fi Auto-Tune (ẹ̀rọ tó ń tún ohùn tó bá yà ṣe) sí i kí ó lè bá kíbọ́ọ̀dù mi mu, mo sì gé àwọn gbólóhùn rẹ̀ kí wọ́n lè bọ́ sórí ìlù. Nígbà tí mo gbé e fún un gbọ́, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá sọ pé, "Ohùn mi kọ́ nìyí, Yorùbá mi náà sì kọ́." Ó ní ibi tí òun ti pe ìlú, ìlù ni òun ń gbọ́. Ó tún ní bíìtì náà kò fún òun láyè láti mí. Kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò tíì padà wá.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, nínú irú iṣẹ́ yìí, ta ni kí ó máa tẹ̀lé ta? Ṣé akọrin ni kí ó kọ́ bí a ṣe ń dúró lórí bíìtì ni, àbí èmi ni kí n tú bíìtì mi palẹ̀? Bí ẹ bá sì mọ bí a ṣe ń gba irú ohùn yìí sílẹ̀ tí kò fi ní bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí kú.

Olùkọ́ Akọrin, Iléṣà

Ọmọ mi, o káre tí o gbé ẹjọ́ ara rẹ wá láìdá akọrin náà lẹ́bi. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan níhìn-ín ní Iléṣà, mo sì lè sọ fún ọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sítúdíò rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ó ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Nígbà tí àwọn ajíhìnrere òyìnbó mú orin ìyìn wọn wá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin náà padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe wá ń kọ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ kan lójú ìwé, tó sì ní òmíràn létí. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, kọ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún níbẹ̀ pé kí ohùn orin máa bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn ń pè é ní dò, re, mí. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé orin ni ọ̀rọ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó fi orin sí i. Bí o bá sì tẹ́tí dáadáa, ohùn wa ju ipele mẹ́ta tó dúró gbọn-in lọ. Nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ohùn òkè, ńṣe ni ó máa ń yọ̀ wálẹ̀, bí ó ti rí nínú "rárà". Nígbà tí ohùn òkè bá sì tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ńṣe ni ó máa ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, bí ó ti rí nínú "ìlú". Yíyọ̀ wálẹ̀ àti gígun òkè yìí wà lára ohun tí etí Yorùbá fi ń mọ ohun tí akọrin ń wí. Ẹ̀rọ tí o fi sí i rò pé àṣìkọ ni, ó sì gé e kúrò. Ibẹ̀ ni ìlú ti di ìlù.

Nítorí náà, kí o tó tan kọ̀ǹpútà rẹ, jókòó pẹ̀lú arábìnrin náà, kí ẹ kọ oríkì yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ó kà á fún ọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà bí ẹni tó ń sun rárà, kí ẹ tó wá wá ohùn orin tí yóò gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, tí yóò sì sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀. Kò pọn dandan kí ohùn orin jẹ́ ẹrú ọ̀rọ̀ níbi gbogbo. A lè dì í mú níbì kan, kí a sì tú u sílẹ̀ níbòmíràn, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú àti oríkì, má fọwọ́ kan ohùn wọn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ́pẹ́rà àti Ifẹ̀ kò bára tan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó sì bójú tó orin fún ẹgbẹ́ eré Orí Olókun láyé ìgbà tí Ọlá Rótìmí ń darí eré níbẹ̀, ṣe ọ́pẹ́rà rẹ̀ tó pè ní Chaka ní 1970. Ewì Senghor, akéwì ọmọ ilẹ̀ Senegal, ni ó gbé e kà, ó sì mú asunrárà Yorùbá wá sí àárín àwọn akọrin ọ́pẹ́rà, tí ohun èlò ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Yúróòpù sì jọ ń dún. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọ́pẹ́rà náà ni àwọn òǹkọ̀wé ń pe eré Dúró Ládiípọ̀, Ọba Kò So, tó gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, tó sì gbé lọ sí Berlin ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ohùn ènìyàn ni ó ń lé orin, ohun èlò ni ó ń gbè é. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ náà di elégbè. Kí arábìnrin náà kọrin ná, kí ìwọ máa bọ̀ lẹ́yìn.

Oníṣẹ́ Ohùn, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa maikirofóònù, nítorí pé ibẹ̀ ni Ọmọ Lágere ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ẹni tó ń kọ ráàpù ń bá maikirofóònù sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́pẹ́rà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń bá gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀, tí ohùn rẹ̀ yóò fi kọjá lórí ọgọ́ta olóhun-èlò láìsí ẹ̀rọ kankan. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni pé agbára ẹgbẹ́ olóhun-èlò máa ń pọ̀ jù ní àyíká 500 Hertz (ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), ó sì ń dín kù bí a ṣe ń gòkè, nígbà tí ọ̀fun tí a ti tọ́ dáadáa, ti àwọn ọkùnrin pàápàá, lè kó agbára jọ sí àyíká 3,000 Hertz, níbi tí etí ọmọ ènìyàn ti ń tètè gbọ́ nǹkan. Soprano, ìyẹn akọrinbìnrin tí ohùn rẹ̀ ga jù, tó bá ti ròkè gidigidi ń lo ọgbọ́n mìíràn: ó ń ṣí ẹnu rẹ̀ sí i títí àyè inú ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ yóò fi bá ohùn tó ń kọ mu, tí yóò sì máa ràn án lọ́wọ́ láti dún.

Bí o bá wá gbé maikirofóònù sí i lẹ́nu, ohùn tí kò tíì parí ni ò ń gbà. Ilé tó ti ń kọrin ni yóò parí rẹ̀. Gbé maikirofóònù jìnnà sí i tó mítà kan, ó kéré tán, kí ó ga díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, kí o sì gbé méjì mìíràn sẹ́yìn, ní mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n máa gba ìró ilé náà. Fi àyè sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n rẹ: kí ibi tó le jù nínú orin náà dúró ní àyíká −10 dB (0 ni òpin), má sì bẹ̀rù pé ibi jẹ́jẹ́ kéré, nítorí pé bí o bá gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, o lè gbé e sókè lẹ́yìn náà láìsí wàhálà. Má fi kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ sí i nígbà tí o bá ń gbà á. Bí o bá fẹ́ kí ohùn náà dọ́gba, fi ọwọ́ gbé e sókè, fi ọwọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Má lo yàrá tí o lẹ fóòmù mọ́ lára ògiri. Wá ilé ìjọsìn tí òrùlé rẹ̀ ga, lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn, ní òru nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, kí o fi inverter gbé ẹ̀rọ rẹ. Bí páànù bá ni wọ́n fi bo ilé náà, wo ojú ọ̀run kí o tó lọ.

Ní ti Auto-Tune, ohùn akọrin ọ́pẹ́rà máa ń gbọ̀n ní ìgbà márùn-ún sí méje láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ibi tó dúró sí, gbígbọ̀n yẹn sì wà lára ẹwà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti àṣìkọ. Yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ta ko ohùn rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ni kí o yí. Bi àwọn olófáyólìnì léèrè bóyá 440 Hertz ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì A ohun èlò wọn sí tàbí 442, kí gbogbo yín sì dúró lórí ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ibi tó bá ti ń kọrin, bu díẹ̀ kúrò lára synth rẹ, ẹ̀rọ tó ń dá ìró orin, ní àyíká 3,000 Hertz. Wàá gbọ́ bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe jáde wá láìjẹ́ pé o gbé e sókè rárá.

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ọ̀rẹ́ mi Ọmọ Lágere, má rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ dé ibi yìí, má sì rò pé àfarawé òyìnbó lò ń ṣe. Ní 1944, ní ìlú Cairo, ọmọ Íjíbítì kan tó ń jẹ́ Halim El-Dabh yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò kan, ó gbé e lọ síbi ètùtù tí wọ́n ń pè ní zār, ó gba ohùn àwọn obìnrin tó ń kọrin níbẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìró yàrá àti ẹ̀rọ yí ohùn náà padà títí ó fi di nǹkan mìíràn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni Pierre Schaeffer ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Paris. Ní 1956, ní Cologne, Stockhausen, olórin ọmọ Jámánì, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí ó ti pa ohùn ọmọdékùnrin kan pọ̀ mọ́ ìró tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dá. Josef Protschka ni orúkọ ọmọ náà, nígbà tó sì dàgbà, tenor (akọrin ọkùnrin olóhùn òkè) inú ọ́pẹ́rà ni ó dà. Èyí máa ń wú mi lórí nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí ó fi hàn pé iṣẹ́ tó wà pẹ̀lú ẹ̀rọ kò ba ohùn ọmọ náà jẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí o fiyè sí nínú àwọn tó tẹ̀lé wọn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń bá ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń bá alààyè ṣiṣẹ́. Ní 2008, Carl Craig ti Detroit àti Moritz von Oswald ti Berlin, tí àwọn náà ń fi ẹ̀rọ ṣe orin, mú orin Ravel àti ti Mussorgsky, àwọn olórin òyìnbó ayé àtijọ́, tí olùdarí orin Karajan àti ẹgbẹ́ olóhun-èlò Berlin Philharmonic ti gbà sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì tún un tò bí ó ti wù wọ́n. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n kò sí olóhun-èlò kankan nínú yàrá tí yóò sọ pé òun fẹ́ mí. Ṣáájú ìyẹn, ní 2005, Jeff Mills ti Detroit náà gbé orin ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Pont du Gard ní ilẹ̀ Faransé, tí ẹgbẹ́ olóhun-èlò ìlú Montpellier bá a ṣe é. Ní tèmi, ewu tó wà nínú irú èyí ni pé àwọn olóhun-èlò lè di ọ̀ṣọ́ lásán, aṣọ olówó ńlá tí a wọ̀ fún orin tó ti parí kí wọ́n tó dé. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí arábìnrin yẹn.

Gígé ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí olóhùn bá fọwọ́ sí i. Nínú fíìmù The Fifth Element, ní 1997, Inva Mula, soprano ọmọ ilẹ̀ Albania, ni ó kọ orin abàmì tí Éric Serra ṣe, àwọn ibi kan tí ọ̀fun ènìyàn kò lè sáré dé ni wọ́n sì fi ẹ̀rọ tò pọ̀ láti inú ohùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Ó tún ku ohun kan. Moritz von Oswald àti Jeff Mills tí mo dárúkọ wọ̀nyí, àwọn méjèèjì ni wọ́n wá Tony Allen, onílù ọmọ Èkó, kàn nígbẹ̀yìn: von Oswald bá a ṣe àwo ní 2015, Mills bá a ṣe tirẹ̀ ní 2018. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìlù tó pọ̀ ju èyí tí ìwọ àti èmi lè rà lọ. Mo gbà pé èémí ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyàn, Ilé-Ifẹ̀

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Olùkọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbà mí láyè láti yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là.

Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ó lè dúró, ó lè sáré, ó lè fi ojú ìlù sílẹ̀ lọ kí ẹni tó ń jó ó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú àti kẹríkẹrì kò ní tìtorí pé ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n yẹ̀ lójú ìlù wọn. Bí wọ́n bá ń sá tẹ̀lé e káàkiri, ijó bàjẹ́, ìyáàlù pàápàá kò sì ní rí ibi tí yóò padà sí. Nítorí náà, arákùnrin mi, má tú bíìtì rẹ palẹ̀. Jẹ́ kí ó di gúdúgúdú: kí ó kéré, kí ó dúró ṣinṣin, kí ó má dí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Má gé gbólóhùn arábìnrin náà kí ó lè bọ́ sórí ìlù. Jẹ́ kí ó gba orí ìlù kọjá bí ó ti fẹ́, kí ẹ kàn fẹnu kò lé ibi méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó ti pàdé.

Olùkọ́ Akọrin, Iléṣà

Àyàn, ẹ ṣeun gan-an, ẹ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Mo ní kí ẹ̀rọ di elégbè, mo sì tún ní kí ó máa bọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ elégbè kì í sá tẹ̀lé ẹni tó ń lé orin. Ojú kan ni ó máa ń dúró sí kí ẹni tó ń lé e lè rí i bá padà. Ọmọ Lágere, tẹ̀lé ti Àyàn ní ti ìlù, kí o sì tẹ̀lé tèmi ní ti ọ̀rọ̀. Bí o bá sì fẹ́ ilé ìjọsìn tí òrùlé rẹ̀ ga, tiwa ṣófo ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n ó bá àwọn alàgbà sọ̀rọ̀.

Akọrinbìnrin, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò mi, soprano ni èmi náà, inú mi sì dùn sí i pé o béèrè kí o tó padà tọ obìnrin náà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin kì í sábà mọ̀ pé ohùn wa kì í ṣe ohun tí a lè lò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí mo bá ń kọrin ní gbogbo agbára mi, wákàtí méjì pẹ̀lú ìsinmi láàárín ti tó mi. Ẹni tó ní kí n tún gbólóhùn kan kọ ní ìgbà ọgbọ̀n ń ba ohun tí mo fi ọdún mẹ́wàá kọ́ jẹ́ ni. Bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ rìn ín wò, kí ẹ ṣe àmì sí gbogbo ibi tí yóò ti mí, kí o sì tó wá tẹ bọ́tìnnì agbohùnsílẹ̀. Bí ó bá gbé hẹ́dífóònù sí etí, kí ó jẹ́ etí kan ṣoṣo, kí èkejì lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá a wà lójú ọ̀nà.

Olùkọ́ ti sọ ti àmì ohùn, fáwẹ́lì náà wà níbẹ̀. Bí soprano bá ti gòkè kọjá nǹkan bí 700 Hertz, ẹnu rẹ̀ ti ṣí débi pé fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. E àti ẹ, o àti ọ, di ìbejì. Bí mo bá wà lókè téńté tí mo sì kọ "gbé", kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá gbígbé ni mo ní kí ó gbé nǹkan tàbí gbígbẹ́ ni mo ní kí ó gbẹ́ ẹ. Nítorí náà, gbogbo orúkọ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbé ìtàn, fi wọ́n sí àárín ohùn rẹ̀. Jẹ́ kí òkè téńté jẹ́ ti igbe ìyìn, ti "a" gbọọrọ tí kò ru ọ̀rọ̀ kankan. Níbẹ̀ ni synth rẹ lè ti ga tó bí ó ti wù ú.

Mo tún ní ohun kan láti sọ, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọrin fún póródúsà kan, a kò kọ ìwé kankan, mo gba owó ọkọ̀ àti owó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ìpolówó ọjà tí n kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó ti gé ohùn mi sí wẹ́wẹ́, ó ti tà á fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà sì ti tà á. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, dá ẹ̀tọ́ akọrin mọ̀ lọ́tọ̀ sí ti ẹni tó ṣe orin, kò sì yẹ kí a gba ohùn akọrin sílẹ̀ tàbí kí a tún un lò láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ni orin, ta ló ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, ṣé o lè gé e lò níbòmíràn, èló ni yóò sì jẹ́ tirẹ̀ bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kí orúkọ rẹ̀ wà lójú àwo, kí ó tóbi bákan náà pẹ̀lú tìrẹ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ lo orin ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ ranti pé Puccini, olórin ọ́pẹ́rà ọmọ Ítálì, kú ní 1924, orin rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n Fela Sowande, olórin ọmọ Nàìjíríà, kú ní 1987, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni òfin wa ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn títí 2057 yóò fi parí. Àwọn ẹbí rẹ̀ tàbí àwọn tó ń ṣojú wọn ni ẹ ó lọ bá.

Ọmọ Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé, ẹ kú àdúrótì. N kò tíì lè fèsì láti ọjọ́ yìí nítorí pé mo fẹ́ ṣe é ná kí n tó sọ ọ́.

Mo lọ bá arábìnrin náà pẹ̀lú ìwé àdéhùn ojú ìwé méjì, mo sì bẹ̀ ẹ́. A jókòó ọjọ́ méjì lórí oríkì náà pẹ̀lú bírò àti ìwé, láìsí kọ̀ǹpútà. Ó kà á, ó sun ún, mo sì ń kọ dò, re, mí sí abẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin nínú ohùn orin tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni a jù nù, torí pé ńṣe ni wọ́n ń gòkè níbi tí orúkọ ti ń sọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a lọ sí Iléṣà, Olùkọ́ sì ti dúró dè wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Maikirofóònù kan ní mítà kan àti díẹ̀, méjì lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Oníṣẹ́ Ohùn ti wí. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣì ń dún ní òpópónà kejì títí di aago mọ́kànlá, a sì dúró dè é.

A kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì. Ní àkọ́kọ́ kò sí ìlù kankan, òun nìkan, bí ẹni tó ń sun rárà. Mo gbé ìyẹn wálé, mo sì fi ọwọ́ fa ìró synth gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀, tí ń yí bí ó ti ń yí. Ní èkejì, mo fi ìlù kékeré kan tó ń dún bí gúdúgúdú sí i létí kan. Mo ti dín bíìtì náà kù sí 116 nítorí pé ní 122 kò rí àyè mí láàárín ẹsẹ̀ kejì àti ẹ̀kẹta. Ibi mẹ́ta ni a fẹnu kò sí láti pàdé, ó sì dé ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà mẹ́rin tó kọ ọ́. Ẹ wo ìyàlẹ́nu tó bá mi: níbi tó ti gba orí ìlù kọjá láìdúró, níbi tí èmi ìbá ti gé e tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ara mi fẹ́ jó sí.

Àwọn olófáyólìnì yóò wá lọ́jọ́ Sátidé, a ti jọ gbà sórí 440. Mo gbé ohun tí a ṣe fún arábìnrin náà gbọ́ lánàá. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó ní kí n dá a padà sí ẹsẹ̀ kẹta, ó tún gbọ́ ọ, ó wá ní òun fúnra òun ni òun ṣì í kọ níbẹ̀, pé ohùn òun ròkè díẹ̀ jù ní ìparí orúkọ Ọ̀rànmíyàn. Mo ní n kò gbọ́ ohunkóhun. Ó ní kí n pe Olùkọ́ kí wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.